Bẹ́ńṣì Ẹ̀bá Ilẹ̀kùn

Nǹkan kan ṣoṣo ni Fẹ́yìsetán ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run láti ìgbà tó ti wọ ilé ọkọ: kí òun náà kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ kan, kí àlùfáà fi ara Olúwa lé òun lọ́wọ́, kí òun jẹ ẹ́ kí òun tó kú. Kò tọrọ mọ́tò. Kò tọrọ ilé alájà. Ọmọ, Ọlọ́run fún un láìtọrọ. Ṣùgbọ́n oúnjẹ pẹlẹbẹ yìí, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń jẹ láìronú, tí wọ́n á tún máa ti ara wọn bí wọ́n ṣe ń padà sí ìjókòó, òun ni kò sẹ́ni tó lè bá a gbà.

Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó jẹ́ ìyàwó kejì. Nínú ìjọ tí à ń wí yìí, ìjọ àtijọ́ tí àwọn baba wa gbà lọ́wọ́ òyìnbó nígbà tí ọ̀pọ̀ ará Ìdànrè ṣì ń gbé lórí òkè, ìyàwó tí wọ́n fi òrùka gbé níwájú pẹpẹ nìkan ni ìyàwó. Èyí tó bá tẹ̀ lé e lè wá sílé Ọlọ́run. Ó lè kọrin, ó lè gbálẹ̀, ó lè gbé iṣu wá lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Tó bá wá di àsìkò oúnjẹ Olúwa, kó jókòó jẹ́ẹ́. Bẹ́ńṣì irú wọn wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sí i lára, ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ ló mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni Fẹ́yìsetán ti ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tò lọ síwájú, títí ó fi mọ gèlè ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn láti ẹ̀yìn.

Ọkọ rẹ̀, Bàbá Ọ̀ṣúndé, náà kì í jẹ ẹ́, torí olóbìnrin méjì ni. Ṣùgbọ́n àga tirẹ̀ wà níwájú, wọ́n sì gbẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ sí i lẹ́yìn. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ dá, ìjókòó ló yàtọ̀.

Kì í kúkú ṣe pé Fẹ́yìsetán já wọlé ẹni ẹlẹ́ni. Joanna, ìyálé rẹ̀, bí ọmọkùnrin kan, Olúwaṣẹ́gun, kò sì rí òmíràn bí mọ́. Nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, Joanna fúnra rẹ̀ ló bá wọn lọ tọrọ Fẹ́yìsetán ní Aládé, nínú ilé àwọn Aládúrà. Nínú ìjọ tí wọ́n bí i sí, aṣọ funfun ni gbogbo wọn ń wọ̀, wọn kì í sì í béèrè lọ́wọ́ obìnrin pé ìyàwó kelòó ni. Ìyá rẹ̀ pè é títí pé kó padà wá.

"Kí lo ń jókòó ṣe níbi tí wọn kì í ti í fún ọ lóúnjẹ?" ni ìyá rẹ̀ máa ń wí.

Fẹ́yìsetán ní ibi tí ọkọ òun bá ti ń sin Ọlọ́run ni òun náà máa sìn ín. Olóríkunkun ni, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Ohun tó tún ń bí mi nínú jù ni ti aṣọ pẹpẹ. Ẹgbẹ́ Ìyá ló ń fọ̀ ọ́, ẹni tó bá sì ń jẹ ara Olúwa nìkan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Joanna ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Nígbà tí làkúrègbé wá mú un ní ìka, tí kò lè fún aṣọ mọ́, kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ gbọ́, torí wọ́n á gba iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Ó kó aṣọ náà fún ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ní gbogbo Sátidé, Fẹ́yìsetán á fọ̀ ọ́, á ki í bọ inú omi búlúù, á fi sítáàṣì gbágùúdá sí i, á wá sá a sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wọn, lápá òkè níbi tí eruku kòkó kì í dé. Tó bá gbẹ, á lọ̀ ọ́ títí á fi le gan-an. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí pẹpẹ, àwọn Ẹgbẹ́ Ìyá á yin Joanna, Joanna á sì yíjú sẹ́yìn wo bẹ́ńṣì ẹ̀bá ilẹ̀kùn, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Fẹ́yìsetán náà á rẹ́rìn-ín. Orogún ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn ara wọn.

Lọ́dún tí ìjọ ń múra àjọ̀dún ńlá ni Bàbá Ìjọ tó wà lórí oyè kú, ojú gbogbo ènìyàn sì yí sí Bàbá Ọ̀ṣúndé. Ta ló tún kù? Òun ló ṣe òrùlé tuntun sórí ilé Ọlọ́run lọ́dún tí kòkó dára. Àlùfáà Olúwalóṣèyí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí Ìdànrè, wá bá wọn nílé. Iyán tí Fẹ́yìsetán gún ló ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀.

"Bàbá, gbogbo ìjọ ló fẹ́ yín," ló wí. "Problem kan ṣoṣo tó wà ni pé òfin ò gbà kí Bàbá Ìjọ ní ju ìyàwó kan lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣe àtúnṣe."

"Àtúnṣe báwo?" Bàbá Ọ̀ṣúndé gbóhùn sókè. "Ṣé kí n lé ìyá àwọn ọmọ mi jáde ni?"

"Ẹ ò ní lé wọn o, Bàbá. Kí ìjọ ṣáà mọ̀ pé wọn kì í ṣe ìyàwó yín mọ́, kí wọ́n sì wá ibòmíràn gbé."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ìyàtọ̀ tó wà nínú méjèèjì.

Fẹ́yìsetán tó gbé omi ìṣanwọ́ dání dúró sójú kan. Ohun tó yẹ kó sọ pọ̀. Ìbéèrè tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ya ọkọ rẹ̀ pàápàá lẹ́nu.

"Àlùfáà, tí n kò bá jẹ́ ìyàwó wọn mọ́, ṣé n ó lè jẹ ara Olúwa?"

Àlùfáà gbójú sókè wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti jókòó. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá! Kí ló dé tí ẹ ò ní í jẹ ẹ́? Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá ṣe ìgbọ́wọ́lé fún àwọn ọmọ lọ́jọ́ àjọ̀dún. Wọ́n á gbọ́wọ́ lé ẹ̀yin náà lórí, ọjọ́ náà gan-an lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ."

Fẹ́yìsetán gbé omi kalẹ̀ fún un, ó fi í sílẹ̀ kó ṣanwọ́, ó sì bọ́ sẹ́yìnkùlé lọ jókòó sórí àpáta rẹ̀.

Bàbá Ọ̀ṣúndé bá a níbẹ̀. Inú tó kọ́kọ́ bí i ti rọlẹ̀, fìlà Bàbá Ìjọ ló ń rí lójú báyìí. "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, Fẹ́yìsetán," ló wí. "Lọ sọ́dọ̀ Ọláfimíhàn ọmọ wa ní Owena fúngbà díẹ̀. Tí ariwo oyè bá ti rọlẹ̀, wàá padà sínú yàrá rẹ. Ta ló máa wá ká wa mọ́lé ní ọjọ́ orí wa yìí?"

Joanna náà dé, ó jókòó tì í, ó sì gbé ọwọ́ tó ń ro ó lé e nítan. "Gbà fún wọn, ìyàwó mi. A ó jọ kúnlẹ̀ síwájú pẹpẹ, èmi àti ìwọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá dá kúnlẹ̀ níbẹ̀ ni mò ń rántí pé ìwọ lo fọ aṣọ tó wà lójú mi. Kì í dùn mọ́ mi nínú."

Òótọ́ inú Joanna ni. Mi ò ní í já a kulẹ̀ níbi tó ti sọ òótọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú Fẹ́yìsetán dúró níwájú àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà tí kò jẹun rẹ̀ rí. Àlùfáà bi í léèrè: "Ṣé ìyàwó Bàbá Ọ̀ṣúndé ni yín?"

"Èmi kì í ṣe ìyàwó wọn."

Àgbàlagbà kan tí etí rẹ̀ ti di ní òun ò gbọ́. Wọ́n ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ó sì pariwo rẹ̀ kí bàbá náà lè gbọ́. Ọkọ rẹ̀ ń wo inú fìlà ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan sọnù síbẹ̀.

Ọláfimíhàn, àkọ́bí Fẹ́yìsetán, aránṣọ ni ní Owena. Nígbà tó rí ìyá rẹ̀ tó sọ̀kalẹ̀ nínú taksí pẹ̀lú ẹrù, ó kọ́kọ́ rò pé wọ́n jà ni. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ju sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Màmá, ẹ̀ ń ṣeré ni? Tí wọ́n bá dé fìlà yẹn sí Daddy lórí tán, ìgbà wo ni wọ́n máa ṣí i tí ẹ máa fi lè padà? Oyè títí ikú ni o!"

"Bàbá rẹ ò lè parọ́ fún mi."

"Ó dáa náà," ni Ọláfimíhàn wí. "Ọlọ́run nìkan wá ni gbogbo yín lè parọ́ fún."

Aṣọ funfun tó fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ ìgbọ́wọ́lé ni ìyá rẹ̀ mú jáde nínú àpò, ó ní kó bá òun gé apá rẹ̀ kúrú díẹ̀. Ọláfimíhàn bá a gé e, ó ń sunkún bó ṣe ń wa ẹ̀rọ.

Ọjọ́ náà pé. Àárín àwọn ọmọ kéékèèké ni Fẹ́yìsetán tò sí, òun nìkan ni àgbà láàárín wọn. Bíṣọ́ọ̀bù gbọ́wọ́ lé e lórí. Ọwọ́ náà wúwo, ó sì gbóná, Fẹ́yìsetán sì gbàdúrà kó má tètè gbé e kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe àwọn tó ń jẹ. Ó kọjá bẹ́ńṣì ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ó rìn gba àárín ilé Ọlọ́run, ó kúnlẹ̀. Joanna kúnlẹ̀ tì í bó ṣe ṣèlérí, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ kàn án. Oúnjẹ náà kò dùn, kò sì kan. Ó lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu rẹ̀, wáìnì ló ṣí i nípò. Omijé bọ́ lójú rẹ̀ sórí aṣọ funfun. Tí ikú bá pè é nígbà yẹn, á tẹ̀ lé e láìwẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìtàn yìí parí sí, inú tèmi náà ì bá dùn.

Wọ́n dé Bàbá Ọ̀ṣúndé ní fìlà oyè. Wọ́n da ìborùn bo Joanna léjìká, wọ́n pè é ní Ìyá Ìjọ. Ọkọ rẹ̀ náà ti bá a jẹun Olúwa lọ́jọ́ yẹn, àfi bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ara wọn níyàwó. Níta, nígbà tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò, Fẹ́yìsetán lọ dúró sí apá òsì ọkọ rẹ̀, níbi tó ti máa ń dúró nínú fọ́tò gbogbo. Ayafọ́tò juwọ́ sí i.

"Màmá, ẹ má bínú, Bàbá Ìjọ àti Ìyá Ìjọ nìkan la fẹ́ ní báyìí."

Ó bì sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó tún pè é síbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ó padà sí Owena, ó ń retí. Oṣooṣù ló ń wọ taksí wá sí Ìdànrè wá jẹ ara Olúwa. Wọ́n ti gbà á láyè kó fọ aṣọ pẹpẹ báyìí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kó o wá fún un, ọ̀nà ti jìn. Tí ìsìn bá parí, Bàbá Ìjọ á dúró lẹ́nu ọ̀nà kí àwọn ènìyàn. Tó bá kan Fẹ́yìsetán, á tẹrí ba díẹ̀, á ní, "Ẹ kú ìjọ́sìn, Màmá." Ọkùnrin tó bí gbogbo ọmọ rẹ̀ fún ń pè é ní Màmá, ó ń fi 'ẹ' kí i! Nígbà àkọ́kọ́ ó rò pé àwàdà ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde.

Ẹ̀ẹ̀kan ni Bàbá Ọ̀ṣúndé wá sí Owena. Ọ̀kadà ló gbé e wá, òun àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó so mọ́ ẹ̀yìn. Kò wọ inú ilé. Abẹ́ igi fúrúùtù níta ló jókòó sí, kí gbogbo àdúgbò lè máa rí i. Fẹ́yìsetán gbé oúnjẹ fún un, ọkọ rẹ̀ wò ó, ó gbé ojú kúrò.

"Wọ́n ń wò mí," ló wí. "Ṣé o mọ̀ pé mo ti kúrò lẹ́ni tó lè ṣe bó ṣe wù ú."

"Ìgbà wo ni mo máa padà wálé?"

"Ní sùúrù, Fẹ́yìsetán."

Orúkọ rẹ̀ tó pè yẹn ni Fẹ́yìsetán fi tu ara rẹ̀ nínú fún ọjọ́ pípẹ́. Ó gbé oúnjẹ wọlé padà, Ọláfimíhàn sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìbínú.

Àsìkò tí wọ́n ń fọ́ kòkó ni Bàbá Ọ̀ṣúndé ṣubú lóko, kò sì dìde mọ́. Olúwaṣẹ́gun, ọmọ Joanna, ló fi fóònù pe Ọláfimíhàn. Ó ní Daddy ti lọ, ó ní kí Ọláfimíhàn àti àwọn àbúrò rẹ̀ máa bọ̀ nílé, ó sọ irú aṣọ tí àwọn ọmọ máa wọ̀. Kò mẹ́nu ba ìyá wọn.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, aṣọ dúdú ni Fẹ́yìsetán wọ̀ wá. Ó rí Joanna tó jókòó lórí àga opó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n gbé àga sílẹ̀ fún. Ó dúró níbẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ rẹ̀ sí. Olúwaṣẹ́gun sáré wá bá a, ó dọ̀bálẹ̀ kí i dáadáa, ọmọ tó pọ̀n dàgbà ni.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé ojú Bíṣọ́ọ̀bù," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Burial Bàbá Ìjọ nìyí. Opó kan ni ìjọ mọ̀."

Àlùfáà Olúwalóṣèyí náà ti sún mọ́ wọn. "Màmá, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ níwájú gbogbo wa. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sọ ọ́. Tí a bá wá fi yín jókòó síbí lónìí, a jẹ́ pé irọ́ la fi dé Bàbá ní fìlà."

Irọ́ náà kúkú ni! Gbogbo wọn ló mọ̀ pé irọ́ ni. Àlùfáà tó jẹ iyán lé e lórí mọ̀ ọ́n.

Fẹ́yìsetán yíjú sí Joanna. "Ìyálé mi," ló wí, "ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

Joanna gbójú sókè. Omi kún ojú rẹ̀. Ó wo Bíṣọ́ọ̀bù, ó wo àwọn Ẹgbẹ́ Ìyá tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ nínú aṣọ wọn, ó wo ìborùn Ìyá Ìjọ tó wà léjìká rẹ̀.

"Ìyá Ọláfimíhàn," ló wí nígbẹ̀yìn, "lọ jókòó síbi tí wọ́n bá fi ọ́ sí."

Ọláfimíhàn ti dìde láàárín àwọn ọmọ òkú, ó ti ń ṣán gèlè mọ́ ìdí. Ìyá rẹ̀ mi orí sí i pé rárá. Ó yí padà, ó rìn gba àárín ilé Ọlọ́run, ọ̀nà kan náà tó gbà lọ síwájú lọ́jọ́ ìgbọ́wọ́lé, ó sì jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Àyè rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin tó bá níbẹ̀ sún fún un.

Wọ́n kọrin. Wọ́n wàásù. Wọ́n ní Bàbá Ìjọ jẹ́ ọkọ aya kan, àpẹẹrẹ rere. Ọmọ tí Fẹ́yìsetán bí fún un ló gbé òdòdó lé pósí rẹ̀ lórí.

Ó di àsìkò oúnjẹ Olúwa. Àwọn tó ń jẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ síwájú. Láti ibi tó jókòó sí, Fẹ́yìsetán rí aṣọ pẹpẹ. Ó ti pọ́n létí, kò sí sítáàṣì lára rẹ̀, ó wó palẹ̀ lára tábìlì. Ó mọ̀ pé Joanna ló fi ìka tó ń ro ó yẹn fọ̀ ọ́, torí kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ mọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe é díẹ̀, inú sì bí i pé àánú rẹ̀ ṣe òun.

Ọkùnrin tó ń darí àwọn ènìyàn síwájú pẹpẹ dé ẹ̀yìn pátápátá. Ó fẹ́ fo bẹ́ńṣì náà dá gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ó wá rí Fẹ́yìsetán, ó rántí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí.

"Màmá, ẹ dìde o. Ẹ̀yin ti wà lára àwọn tó ń jẹ."

"Mo ti jẹ tèmi, ọmọ mi," ni Fẹ́yìsetán wí. "Odindi ọkọ ni mo fi rà á."

Kò yé ọkùnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì kọjá lọ pe àwọn tó kù.